Okùn Aláwọ̀ Ewé Tí Ń Rìn: Ọ̀rọ̀ Lórí Ohun Yíyọ̀ Inú Omi àti Yíyí Àbùdá Rẹ̀ Padà

Kò sí ẹnìkan nínú wa tí kò mọ ohun tútù yíyọ̀ tí í máa bo ojú àgbàlá nígbà òjò. Bí òjò bá ti rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ilẹ̀ tí a fi sìmẹ́ńtì tẹ́ a di aláwọ̀ ewé, àgbàlagbà tí kò bá sì ṣọ́ra a ṣubú lórí rẹ̀. Òun náà ni ó wà lára òkúta ní etí odò, àti ní ẹ̀gbẹ́ ìkòkò omi tí a kò fọ̀ dáradára. Dúdú tí ó sì ń bo ògiri ilé ìsìn láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, tí àwọn ìgbìmọ̀ ìjọ ń pè ní èéfín, tí wọ́n sì ń ra ọ̀dà lé lórí lọ́dọọdún, ohun alààyè ni púpọ̀ nínú rẹ̀, ìbátan ohun yíyọ̀ yìí gan-an ni. Ẹni tí ó bá kun ọ̀dà lé e láìkọ́ fọ ògiri náà, òun àti ọ̀dà rẹ̀ ni yóò tún pàdé ní ọdún tí ń bọ̀.

Ohun méjì ni a fẹ́ fi yé yín nípa rẹ̀. Èkíní ni pé púpọ̀ nínú irú rẹ̀ a máa rìn. Èkejì ni pé àwọn amòye ti rí ọ̀nà láti fi àbùdá tí kì í ṣe tirẹ̀ sí i nínú, kí ó lè ṣe ohun tí kò ṣe rí. Lójú ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dé òpin, ó lè dà bí ẹni pé méjèèjì kò tan mọ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń gbé lẹ́bàá àbàtà, tí ẹ̀fọn ń kọrin sí létí láti ìrọ̀lẹ́ títí di àárọ̀, a ní ìdí láti so wọ́n pọ̀.

Orúkọ tí àwọn amòye ń pè é ni sáyánóbakitéríà, èyíinì ni kòkòrò àìfojúrí aláwọ̀ aró. Kì í ṣe ewéko, kò ní gbòǹgbò, kò ní ewé, kò sì ní òdòdó. Síbẹ̀ ó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ewéko ti ń ṣe. Irú rẹ̀ pọ̀. Àwọn kan ń dá gbé, sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo. Àwọn mìíràn so mọ́ ara wọn gbọọrọ bí okùn, àwọn wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ wa kàn. Bí a bá mú ìwọ̀n orí abẹ́rẹ́ nínú rẹ̀, tí a sì fi ẹ̀rọ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó, a óò rí i bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí òwú, ẹyọ kan tẹ̀ lé èkejì, gbogbo wọn ṣe rẹ́gí. Nínú irú èyí tí a ń pè ní Anabaena, ó tó nǹkan bí 300 ẹyọ kí okùn náà tó gùn tó mìlímítà kan.

Bí omi tí ó wà nínú rẹ̀ kò bá ní oúnjẹ nitrójìn tó, a óò rí i pé láàrín ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́wàá sí ogún, ọ̀kan a yàtọ̀: a tóbi díẹ̀, ara rẹ̀ a nípọn, àwọ̀ rẹ̀ a ṣì. Èyí tí ó yàtọ̀ yìí ni ó ń mú nitrójìn láti inú afẹ́fẹ́, tí ó sì ń sọ ọ́ di oúnjẹ fún gbogbo ará ilé. Kì í bí ọmọ mọ́ láéláé; iṣẹ́ ìsìn yìí nìkan ni ó kù fún un. Àgbẹ̀ tí ń ra àpò ajílẹ̀ lọ́jà mọ iye tí nitrójìn jẹ́. Àwọn okùn tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ wọ̀nyí ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a dé orí ìrìn wọn. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ ni ará Faransé kan, Michel Adanson, ẹni tí ó ti gbé ní Senegal láti 1749 fún nǹkan bí ọdún mẹ́rin, tí ó ń ṣe àkójọ ewéko àti ẹranko ibẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Linnaeus fi sọ igi oṣè, tí àwọn onímọ̀ ewéko fi ń pe igi náà ní Adansonia títí di òní. Ó kọ ìwé lórí okùn aláwọ̀ ewé kan tí ó rí tí ń mi ara rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú omi. Ó yà á lẹ́nu, nítorí ewéko ni gbogbo ènìyàn ka ohun náà sí, ewéko kì í sì í kúrò níbi tí a gbìn ín sí. Nígbà tí ó yá, irú okùn bẹ́ẹ̀ gba orúkọ tí ó túmọ̀ sí ohun tí ń fì síwá sẹ́yìn, Oscillatoria.

Báwo ni ohun tí kò ní ẹsẹ̀, tí kò ní lẹ́bẹ́, tí kò sì ní ìrù, ṣe ń rìn? Ẹ wo ìgbín. Omi ara rẹ̀ ni ó fi ń ṣe ọ̀nà fún ara rẹ̀, ipa dídán a sì kù sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn okùn wọ̀nyí náà ń tú omi yíyọ̀ jáde lára, ipa wọn sì ń kù sẹ́yìn. Yíyọ̀ tí ń gbé wa ṣubú ní àgbàlá jẹ́ ara ohun tí wọ́n ń tú jáde bẹ́ẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn amòye ń jiyàn bóyá omi náà ni ó ń tì wọ́n lọ. Ní 1998, Hoiczyk àti Baumeister ní Jámánì fi hàn pé àwọn ihò wẹ́wẹ́ wà ní ìsopọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì tí omi yíyọ̀ ń gbà jáde, wọ́n sì ní agbára ibẹ̀ ni ó ń sún okùn náà. Lẹ́yìn èyí ni a rí i, ní ti irú tí a ń pè ní Nostoc, pé ohun mìíràn tún wà: àwọn irun tín-ín-rín tí sẹ́ẹ̀lì ń nà jáde, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, tí ó sì tún ń fà wọlé. Ẹ ti rí atukọ̀ wa níbi tí omi jìn tí ọ̀pá kò dólẹ̀, bí ó ti ń di gbòǹgbò igi etí odò mú tí ó sì ń fi fa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni.

Ìrìn náà kò yá. Nostoc a rìn nǹkan bí mìlímítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní wákàtí kan. Àwọn mìíràn yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí ó ń lọ. Ó ń wá ìmọ́lẹ̀ tí ó tó, ó sì ń sá fún èyí tí ó pọ̀jù. Nostoc kì í sì í rìn ní gbogbo ìgbà. Nígbà tí àkókò bá tó, okùn gígùn a já sí wẹ́wẹ́, níbi tí àwọn ìlẹ̀kẹ̀ tí ó yàtọ̀ nì ti so wọ́n pọ̀, àwọn okùn kúkúrú wọ̀nyí a sì bẹ̀rẹ̀ ìrìn fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí wọ́n tó tún jókòó. Ìgbà náà ni wọ́n lè wọ inú ewéko mìíràn lọ láti bá a gbé.

Àpẹẹrẹ irú ewéko bẹ́ẹ̀ wà ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní 1857, nígbà tí ọkọ̀ Dayspring gòkè odò Ọya, Àjàyí Crowther wà nínú rẹ̀, ẹni tí kò tíì di bíṣọ́ọ̀bù nígbà náà. Onímọ̀ ewéko kan, Charles Barter, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọkọ̀ náà fọ́ nítòsí Jẹ́bà, wọ́n sì jókòó níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lágbègbè náà ni Barter ti kó igi kúkúrú kan tí ewé rẹ̀ dà bí imọ̀ ọ̀pẹ ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ọ̀pẹ, èyí tí a fi orúkọ rẹ̀ pè lẹ́yìn náà, Encephalartos barteri. Gbogbo irú igi yìí ní gbòǹgbò kan tí ń hù sókè sí ojú ilẹ̀, tí ó ní kókó-kókó. Bí a bá gé e, a óò rí òrùka aláwọ̀ aró nínú rẹ̀. Àwọn okùn wa ni ó wà níbẹ̀. Wọ́n ti rìn wọ inú rẹ̀, wọ́n sì ń fi nitrójìn san owó ilé. Okùn tí kò lè rìn, ó ṣòro fún un láti rí irú ilé bẹ́ẹ̀ gbé.

Ọ̀rọ̀ àbùdá ni ó kàn, èyí tí ó ń ba púpọ̀ nínú yín lẹ́rù. Àbùdá ni ogún tí ohun alààyè gbà lọ́dọ̀ àwọn tí ó bí i, tí a kọ sára okùn tín-ín-rín mìíràn tí a ń pè ní DNA nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Ní 1928, Frederick Griffith ní London rí i pé kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀fóró tí kò lè pa eku di apani nígbà tí a pò ó mọ́ òkú àwọn tí ń pani. Ohun kan ti jáde lára òkú wọ inú alààyè. Ní 1944 ni Avery, MacLeod àti McCarty ní New York fi hàn pé DNA ni ohun náà. Nígbà tí ó di 1970, Shestakov àti Khyen ní Moscow ṣe irú rẹ̀ sí sáyánóbakitéríà tí ń dá gbé. Àwọn olókùn, bí a ṣe lè sọ, di ilẹ̀kùn wọn.

Ìdí rẹ̀ ni pé Anabaena ní oníbodè. Nínú ara rẹ̀ ni àwọn ohun kan wà tí ń ka DNA gbogbo tí ó bá wọlé; bí wọ́n bá rí ibi tí a kọ ọ̀rọ̀ kan báyìí sí láìsí àmì ilé lára rẹ̀, wọ́n a gé e sọnù. Ní 1984, Wolk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Michigan, ní Amẹ́ríkà, rí ọ̀nà gbà. Wọ́n kọ DNA náà lọ́nà tí ibi tí oníbodè ń gé kò fi pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì rán an láti ọwọ́ kòkòrò inú ìfun tí a ń pè ní E. coli, èyí tí ó lè so mọ́ òmíràn kí ó sì fi DNA lé e lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún kọ́ láti fi àmì ilé sára ẹrù kí ó tó kúrò lọ́wọ́ ìránṣẹ́, bí oníṣòwò tí ó ti gba ìwé àṣẹ kí ó tó dé ibodè.

Bí wọ́n ti ń ṣe é nínú yàrá ìwádìí nìyí. Wọ́n a já okùn náà sí kúkúrú, wọ́n a pò ó mọ́ ìránṣẹ́ nì, wọ́n a sì tẹ́ méjèèjì sórí awẹ́ tín-ín-rín kan tí ó wà lórí oúnjẹ dídì nínú àwo. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ wọ́n a fi oògùn neomycin sí i, nítorí pé wọ́n ti fi àbùdá tí ń gbani lọ́wọ́ oògùn náà mọ́ ẹrù tí wọ́n rán. Gbogbo àwo a funfun. Okùn tí kò gba ẹrù a kú. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, àmì kékeré aláwọ̀ ewé a yọ. Àwọn tí ó gba ẹrù ni.

Bí ó bá wá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ yọ àbùdá kan kúrò tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ kò tíì parí, nítorí sẹ́ẹ̀lì kan ní ẹ̀dà púpọ̀ nínú ogún rẹ̀. Ẹ rò ó bí ìwé ìsàmì tí a dà kọ ní ẹ̀dà mẹ́wàá. Bí akọ̀wé bá tún orúkọ kan ṣe nínú ẹ̀dà kan, mẹ́sàn-án yòókù ṣì ń jẹ́rìí sí ti àtijọ́. Nítorí náà ni wọ́n fi ń gbìn ín lẹ́ẹ̀kan sí i àti lẹ́ẹ̀kan sí i, oṣù lè kọjá lórí rẹ̀, títí gbogbo ẹ̀dà yóò fi sọ ọ̀rọ̀ kan náà. A ń sọ èyí fún àwọn tí ó rò pé ẹnìkan kàn ń da oògùn sínú omi ni ohun alààyè yí padà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Irú ọgbọ́n yìí ni a fi mọ ohun tí a sọ nípa ìrìn Nostoc. Ní California, Risser, Meeks àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn mú àbùdá irun tín-ín-rín nì kúrò, tàbí kí wọ́n bà á jẹ́, wọ́n sì wo ohun tí okùn náà yóò ṣe. Ó já sí kúkúrú bí ti tẹ́lẹ̀ ṣùgbọ́n kò lè rìn. Wọ́n mú àbùdá kan tí ń ṣe omi yíyọ̀ kúrò, ìrìn náà sì tún dá. Báyìí ni wọ́n fi mọ̀ ní 2013 àti 2015 pé irun àti omi yíyọ̀ jùmọ̀ ń ṣiṣẹ́. Nínú gbogbo ìlò yíyí àbùdá padà, èyí ni àwa fẹ́ràn jù: kí a fi bi ohun alààyè léèrè bí ó ti ń gbé ìgbé ayé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìlò kejì ni ó kan ilé wa. Ní 1976, nínú adágún omi kan ní aginjù Negev, Joel Margalit rí kòkòrò àìfojúrí kan tí ń pa tanwíji, ọmọ ẹ̀fọn inú omi. Bti ni orúkọ tí a gé kúrú fún un. Májèlé rẹ̀ a máa já ìfun tanwíji, kì í sì í pa ènìyàn tàbí ẹja. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń bá àrùn tí ń fọ́ni lójú létí odò jà ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láti 1974 títí di 2002, Bti wà lára ohun tí wọ́n dà sínú àwọn odò ní Togo, Benin, Ghana àti àwọn ilẹ̀ mìíràn láti pa ọmọ eṣinṣin dúdú tí ń gbé àrùn náà kiri. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í pẹ́. Oòrùn a bà á jẹ́, a rì sí ìsàlẹ̀ omi níbi tí tanwíji kò ti ń jẹun, ó sì di dandan kí a tún da òmíràn.

Ní 1997 ni Wu, Boussiba àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Israel kéde pé àwọn ti fi àbùdá májèlé Bti sínú Anabaena, pẹ̀lú àbùdá mìíràn tí ń ràn án lọ́wọ́. Okùn náà ń gbé lójú omi, ó ń pọ̀ sí i fúnra rẹ̀, tanwíji sì ń jẹ ẹ́. Nínú yàrá ìwádìí, tanwíji Aedes aegypti, ẹ̀fọn tí ń gbé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ kiri, jẹ ẹ́, ó sì kú. Ẹni tí ó ti jí ní òru láti fi omi tútù nu ara ọmọ tí ibà ń mú kò ní fi ọwọ́ rọ́ irú ìròyìn yìí sẹ́yìn. Ó yẹ kí a fi kún un, nítorí òtítọ́, pé Bti kì í tètè pa ọmọ Anopheles, ẹ̀fọn tí ń gbé ibà lásán kiri, bí ó ti ń pa ọmọ Aedes.

Arákùnrin kan nínú ìjọ bi wá bóyá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti yí ohun tí Ọlọ́run dá padà. A dá a lóhùn pé àgbẹ̀ tí ń yan irúgbìn ń yí i padà díẹ̀díẹ̀, àti pé àwọn kòkòrò wọ̀nyí fúnra wọn ń fi àbùdá lé ara wọn lọ́wọ́ kí Griffith tó dáyé. Ìbẹ̀rù tiwa wà níbòmíràn. Bti tí a dà sí odò a kú láàrín ọjọ́ díẹ̀. Àìlera rẹ̀ ni èyí, ṣùgbọ́n ààbò wa náà ni: bí a bá rí i pé a ṣì í lò, a ó dá dídà rẹ̀ dúró, yóò sì tán. Okùn alààyè kì í tán bẹ́ẹ̀. Bí Anabaena inú yàrá ìwádìí kò tilẹ̀ mọ ìrìn bí Nostoc, ìṣàn omi mọ̀ ọ́n gbé, ẹsẹ̀ ẹyẹ odò mọ̀ ọ́n gbé, ìkún omi tí ń so gbogbo àbàtà wa pọ̀ mọ́ odò Olúwa nígbà òjò kò sì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó gbé e dé òkun. Lára rẹ̀ sì ni àbùdá tí ń gbani lọ́wọ́ oògùn neomycin wà, bí a kò bá yọ ọ́. Ta ni yóò pè é padà?

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa ni pé kí a má ṣe fi orúkọ Èṣù pe iṣẹ́ náà, kí a má sì ṣe ṣí ìdérí ìgò náà sí odò kankan títí wọn yóò fi fi hàn wá ohun tí yóò dá a dúró. Ìjọba Nàìjíríà ní òfin lórí irú ọ̀ràn yìí láti 2015, èyí tí ó dá àjọ kan sílẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó tú ohun alààyè tí a yí àbùdá rẹ̀ padà sílẹ̀. Ó tọ́ kí àwọn ọba, ìjòyè, àti àwa oníwàásù pàápàá mọ̀ pé òfin náà wà, kí a lè béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé ìgò dé etí omi wa. Títí di ìgbà náà, kí a da omi inú agolo àti táyà àtijọ́ nù, kí a sì ta àpò ẹ̀fọn sórí ibùsùn àwọn ọmọ wa.

Ẹni tí kò bá gbà pé okùn yìí ń rìn, kí ó bu ohun aláwọ̀ ewé tí ó ṣú, tí ó sì ń yọ̀, láti ojú kòtò tàbí etí odò, kí ó fi omi odò pò ó díẹ̀ nínú àwo pẹrẹsẹ. Kí ó fi bébà dúdú bò ó, kí ó dá ihò kékeré kan tó ẹyọ ẹ̀wà sára bébà náà, kí ó sì gbé e sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà ṣùgbọ́n tí oòrùn kò pa á tààrà. Kí ó má ṣe fọwọ́ kàn án títí di ọjọ́ kejì. Bí ó bá mú irú tí ń rìn, nígbà tí ó bá ṣí bébà náà, yóò rí i pé aláwọ̀ ewé náà ti kó ara rẹ̀ jọ sábẹ́ ihò nì, ibi yòókù nínú àwo sì ti ṣí sílẹ̀. Bí ó bá ní ọmọ tàbí àbúrò ní yunifásítì ní Òkìtìpupa, kí ó bẹ̀ ẹ́ kí ó fi ẹ̀rọ awò wò ó fún un.